Ìwádìí Kọ̀ǹpútà Bùkárì

Ilé Ọláìyá,
Ẹ̀sìẹ́.
24 Oṣù Kìíní, 2000

Mọ́láyọ̀ Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Báwo ni òtútù ọ̀hún? Ọyẹ́ tiwa ti ń palẹ̀ mọ́, àmọ́ gìgísẹ̀ ìyá rẹ ṣì là yánnayànna. Ó ní kí n bá òun kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá o ń jẹun. Mo ní obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì yóò mọ ìgbà tí ebi bá ń pa á. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ni mo torí ẹ̀ mú gègé. Lọ́jọ́ Sátidé, Àpínkẹ́ wá bá mi ní ìyẹ̀wù, ó ní wọ́n ń fẹ́ ẹni tó kọ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ ní ilé ère tí òun ti ń ṣiṣẹ́, pé ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí ni wọn óò jẹ́ kó máa fọwọ́ kan àwọn ère òkúta yẹn láti tọ́jú wọn. Ó ní ìwọ sì ti bá òun rí ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yín, ọdún méjì gbáko. Àkàṣù ẹ̀kọ tí mo fẹ́ fi sẹ́nu ni mo gbé kalẹ̀.

Mọ́láyọ̀, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ìwọ lọ fún ọdún mẹ́rin, ó ti di mọ́kànlá. Babátúnjí lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ l'Ékòó, ibẹ̀ ló gbé ìyàwó, ibẹ̀ ló sì wà. Ó wá ku ẹyọ kan péré, ẹ tún nawọ́ sí i. O mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó nídìí káńtà ìfìwéránṣẹ́ ní Ọ̀mù-Àrán. Nígbà tí owó epo wà lóde, àwọn òbí a máa fi lẹ́tà òkè òkun jó nínú ọgbà wa. Nígbà tí ayé wá le, tí àwọn ọmọ ò rí nǹkan kan kọ mọ́, àwọn òbí kan náà a máa wá lójoojúmọ́, wọn a na ọrùn wo ọwọ́ mi. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí. Mo mọ bí ojú wọn ṣe ń rí.

Ṣé kò sí bí ọmọ ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kó sì máa sùn nílé wa? Má bínú sí ìbéèrè mi. Tètè fèsì.

Bàbá rẹ,
Dáníẹ́lì Ọláìyá


Sheffield.
16 Oṣù Kejì, 2000

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Màmá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń jẹun, iyán òyìnbó tó ń jáde láti inú páálí ni mo jẹ lánàá, ó sì yó mi.

Bàbá, ọ̀nà tí ẹ béèrè wà. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi wà nílùú rẹ̀, táá sì máa gba ẹ̀kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì ni wọ́n ń pe ibi tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún wà. Ẹ rò ó bí ilé ìkàwé tó jìnnà, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà àti wáyà fóònù lèèyàn fi ń wọ̀ ọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni ìkànnì yìí ń gbà wọlé. Òmíràn ti dàgbà jù, òmíràn ò lè gbé àwòrán rẹ̀ jáde, òmíràn ò gbóhùn. Nítorí náà, kí wọ́n tó gba akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ ẹ̀rí pé kọ̀ǹpútà tó máa lò bá ìkànnì wọn mu.

Mo ti ìwé kan bọ inú àpòòwé yìí. Ohun mẹ́fà tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ló wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, mo kọ àdírẹ́sì ojú ewé kan tó máa ń yẹ kọ̀ǹpútà wò fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tẹ àdírẹ́sì yẹn, kí wọ́n ní sùúrù, yóò sọ bóyá kọ̀ǹpútà náà bá a mu tàbí kò bá a mu. Kí wọ́n wá tẹ èsì rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje ni wọ́n máa pa ìforúkọsílẹ̀ dé. Bí a kò bá tíì rí kọ̀ǹpútà tó bá a mu nígbà yẹn, a jẹ́ pé kí Àpínkẹ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi níbí ló kù. Mo ní yàrá, bẹ́ẹ̀dì sì wà níbẹ̀. Mi ò fi dẹ́rù bà yín o, Bàbá, mo kàn sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Ta ló ní kọ̀ǹpútà nítòsí yín?

Ọmọ yín,
Mọ́láyọ̀


Ẹ̀sìẹ́.
20 Oṣù Kẹta, 2000

Mọ́láyọ̀, ọmọ rere,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú àárẹ̀ àwọn aláìsàn tí o ń tọ́jú. Ìwé rẹ dé, ó sì mú kí n rí nǹkan ṣe. Láti ọjọ́ tó ti dé, ìyá rẹ ní òun ò mọ̀ bóyá ọkọ lòun ní tàbí ọlọ́pàá inú.

Kọ̀ǹpútà wà. Ó wà lọ́wọ́ Bùkárì ọmọ Jàrátù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé, tó sì ń fi ẹ̀rọ da ìwé kọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ èmi kì í ṣe ọmọdé. Bí èèyàn bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sílé onílé, kì í lọ bá onílé kó bi í pé, "Ṣé ilé rẹ dára?" Ta ló máa ní ilé òun ò dára? Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe ni mo ṣe. Mo lọ ṣèwádìí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo kọ́kọ́ jókòó ti obìnrin alákàrà tó wà ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ní, "Ìyá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lódìkejì yìí, irú èèyàn wo ni?" Ó ní, "Bùkárì kẹ̀? Kì í bá èèyàn jà, bí iná bá lọ gan-an kì í ṣépè." Mo ní, "Àrùn ìdílé ńkọ́?" Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ́mọbìnrin nílé ni?" Mo ní mo ní ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àkàrà méjì lé tèmi. Obìnrin náà ṣèèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo rí télọ̀ tí wọ́n jọ pín ògiri, mo sì rí ládàánì mọ́ṣáláṣí wọn. Gbogbo ẹnu ṣọ̀kan. Kò sí wèrè nínú ìdílé Bùkárì, kò sí olè, ọdẹ gidi ni bàbá bàbá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú, mo tọ ipa rẹ̀ dé Ìlọrin. Lọ́yà kan ló kọ́kọ́ ni ín, ó lò ó fún ọdún méjì, lọ́yà náà ò kú, kò sì sá, ó kàn ra tuntun ni. Kì í ṣe ẹrù òkú, kì í sì í ṣe ẹrù olè.

Mi ò jẹ́ kí Bùkárì fúnra rẹ̀ fura. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ da ìwé ìrìbọmi mi kọ níbẹ̀, kí n lè ríbi jókòó kí n máa wo ìṣe rẹ̀. Nígbà kẹrin ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe kúkú gba ìjókòó tó dáa?" ó sì fi aṣọ nu àga kan fún mi.

Mo ti kọ èsì sí ẹ̀gbẹ́ ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí o fi ránṣẹ́: ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó ti wá, ẹni tó ni ín, ìwà ẹni tó ni ín. Bá mi sọ fún àwọn òyìnbó náà pé mo fọwọ́ sí i.

Bàbá rẹ,
Dáníẹ́lì


Sheffield.
11 Oṣù Kẹrin, 2000

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. Mo ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó jókòó tì mí dìde lọ jókòó síbòmíràn. Ìgbà tí mo délé ni ẹkún wá ń gbọ̀n mí.

Bàbá, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ọdẹ ni bàbá bàbá Bùkárì. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ò fẹ́ mọ̀ bóyá lọ́yà Ìlọrin wà láàyè. Ẹ̀rọ ò ní ìdílé! Bó bá jẹ́ pé wòlíì ni Bùkárì, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò bá bá ìkànnì náà mu, kò bá a mu náà ni. Ẹ̀rọ ni kí ẹ bi léèrè, ojú ewé tí mo júwe fún yín yẹn ni yóò bá yín bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ jókòó síwájú rẹ̀, ẹ ò ní kí wọ́n tẹ àdírẹ́sì yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Oṣù Kẹrin ti ń lọ. Lẹ́tà yín a máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà, tèmi náà bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: tí a bá tún ṣe irú àṣìṣe yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, oṣù Keje ti wọlé tọ̀ wá nìyẹn. Ṣé kí n dákẹ́ títí ẹ ó fi sọ pé n kò kìlọ̀ ni?

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni méjì. Ẹ sọ fún Bùkárì lójúkojú ohun tí ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Èkejì, ẹ jẹ́ kí Àpínkẹ́ bá yín lọ. Òun ló fẹ́ kàwé, òun ló sì mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀. Kí ló dé tí kò tíì fojú kan èyí tí ẹ ń bá a wá?

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn yín. Ẹ bá mi kí Màmá.

Mọ́láyọ̀ yín


Ẹ̀sìẹ́.
15 Oṣù Karùn-ún, 2000

Mọ́láyọ̀,

Mo kí ọ. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí díẹ̀, lẹ́yìn náà kò dùn mí mọ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Kí ìwé rẹ tó dé, ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹrin, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni Jàrátù ìyá Bùkárì wọlé. Àwọn àgbà obìnrin méjì tẹ̀lé e, wọ́n ru isu méjìlá tó tóbi bí itan ènìyàn. Wọ́n kí wa kúulé. Jàrátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Bàbá Mọ́láyọ̀, alihamudulilai, a ti gbọ́ pé ẹ ń yọ́ wa wò. Alákàrà sọ, télọ̀ sọ, ládàánì náà sọ. A dúpẹ́ pé ẹ rí wa bí èèyàn. Ohun tó bá kù tí ẹ fẹ́ mọ̀, ẹ má dààmú ẹsẹ̀ yín mọ́, a gbé ẹnu wa wá."

Ìyá rẹ wò mí. Àpínkẹ́ tó gbé omi wá fún àwọn àlejò dúró ságbede yàrá.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń yọ́ wò?"

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà ni."

Jàrátù ní, "Kọ̀ǹpútà báwo?"

Mo ní, "Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Bùkárì."

Ó ní, "Kọ̀ǹpútà lẹ bi ládàánì bóyá wèrè wà nínú ìdílé ẹ̀?"

Mọ́láyọ̀, obìnrin náà fi ọwọ́ di ìhà mú. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. Ìyá rẹ náà bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà méjèèjì gbà á mọ́ wọn lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n fi máa sinmi ẹ̀rín, wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Mo ní kí wọ́n máa gbé isu wọn lọ, Jàrátù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹ gún un jẹ kí ẹ fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Bùkárì ti ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun o, ẹni tó máa sọ fún un ni mi ò mọ̀."

Àpínkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ́ pé "Ẹ káàárọ̀" àti "Ó dàárọ̀" nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìtìjú sì bá Bùkárì, bó bá ti rí fìlà mi lókèèrè, á wọ kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí ìwé rẹ dé, mo ka èyí tó kan Àpínkẹ́ sí i létí. Nígbà tó di Tọ́sìdé tó kọjá, ó wé gèlè, ó mú ìwé tí o fi ránṣẹ́, ó lọ sí Ọ̀mù-Àrán fúnra rẹ̀. Èyí tó mú bọ̀ ló wà nínú àpòòwé yìí. Ohun márùn-ún nínú mẹ́fà ló bára mu. Ẹ̀kẹfà ni ètò tí kọ̀ǹpútà náà fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ó ti gbó jù. Nítorí ẹyọ kan yẹn, ojú ewé náà kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé kò bá a mu.

Bùkárì ní òun lè gba ètò tuntun láti orí wáyà, àmọ́ ó tóbi, wáyà a sì máa já kó tó débì kan. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ní bí ẹnìkan bá lè rí i lórí síídì, òun á fi sí i láàárín wákàtí kan.

Mo ka ìwé tí Àpínkẹ́ mú bọ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Oṣù méjì ló kù. Ṣé kí n ti máa wá àpótí fún un ni?

Bàbá rẹ


Sheffield.
2 Oṣù Kẹfà, 2000

Bàbá mi,

Ẹ fi àpótí sílẹ̀. Mo ti rí síídì náà. Abdulrasaq, ọmọ Òkè-Ọdẹ tí a jọ ń gbé àdúgbò, ń bọ̀ wálé fún àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀ tó dolóògbé, ó máa wọ Èkó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo kọ orúkọ yín sí i. Ó ní bí òun bá ti rí àyè nídìí àdúrà náà, òun á mú un wá fún yín ní Ẹ̀sìẹ́. Mo bẹ̀ yín, bí kò bá tètè dé, ẹ má jókòó máa retí.

Bàbá, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, mo fi ìkúnlẹ̀ sọ ọ́. Mo kó àwọn lẹ́tà yín jọ, mo tún wọn kà. Ẹ ti bi alákàrà. Ẹ bi télọ̀, ẹ bi ládàánì, ẹ bi lọ́yà tó wà ní Ìlọrin. Àfi Àpínkẹ́ nìkan ni mi ò rí ibi tí ẹ ti bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?" Nǹkan kan wà tí mo mọ̀ tí mi ò lè sọ, nítorí mo ti ṣèlérí. Ẹ bi í. Kì í ṣe lọ́wọ́ ará àdúgbò o, lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

Bí èsì rẹ̀ bá sì jẹ́ pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀.

Mọ́láyọ̀ yín


Ẹ̀sìẹ́.
6 Oṣù Keje, 2000

Mọ́láyọ̀ Àbẹ̀ní,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú ìpayà mi. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ kí ìwé yìí tó dé. Àpínkẹ́ ní òun ti kọ sí ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé láàárín ìṣẹ́jú kan lo rí i. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta péré ló kọ, ó sì fo ibi tó dùn.

Títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, a ò rí Abdulrasaq. Òjò ń rọ̀ lórí òjò. Ìyá rẹ ní, "Mọ́láyọ̀ ní ẹ ò gbọdọ̀ jókòó." Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ọdẹ. Ọkọ̀ rì sẹ́rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì a fi í sílẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn. Mo bá Abdulrasaq láàárín àwọn àlejò rẹ̀, ó na ara sílẹ̀ ó ń tọrọ àforíjì, pé ọkọ̀ kọ̀ láti jáde ni. Mo bá a kẹ́dùn, mo gba páálí náà, mo fi ọ̀rá wé e ní ìpele mẹ́ta, mo sì fi sáyà bọ̀ wálé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé. Àpínkẹ́ ló gbé omi gbígbóná wá kí n fi fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, mo ní kó jókòó. Mo ní, "Àpínkẹ́, ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

Ó wá ní, "Bàbá, ta lẹ rò pé ó ní kí Ẹ̀gbọ́n mi wá ẹ̀kọ́ tí èèyàn lè wà nílé kọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Èmi ni. Kó tó di Kérésì ni mo ti kọ sí wọn. Mo ní mi ò fẹ́ kúrò nídìí àwọn ère yẹn. Mo ní kí wọ́n má sọ, pé èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ fún yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ibi tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn lẹ ti gbé ẹ̀kọ yín kalẹ̀, tí ẹ ń kédàárò ìlọ mi. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, ẹ ti fi ìwé ránṣẹ́."

Ó wá fi kún un, kò gbójú sókè: "Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà yìí ò bá bá a mu, Bàbá, màá lọ o. Ẹ̀kọ́ náà ni mo fẹ́. Mi ò ní torí kí ẹ má baà sunkún kí n máa gbálẹ̀ ilé ère títí ayé." Mo ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni màá gbé ẹrù rẹ dé ọkọ̀." Òótọ́ ni mo sọ, Mọ́láyọ̀. Mo tún fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ Bùkárì, ó ní, "Ìyẹn, ẹ yọwọ́ níbẹ̀. Èmi náà ní ojú tí mo fi ń wò ó."

Ní Túsìdé, èmi àti òun lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Bùkárì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn. Kò sá fún mi. Ó ki síídì bọnú ẹ̀rọ, ó ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ṣe, Àpínkẹ́ ń ka òyìnbó inú rẹ̀ fún un. Nígbà tó parí, ó pe wáyà. Ó já. Ó tún pè é, ó tún já. Nígbà kẹta ó mú. Àpínkẹ́ tẹ àdírẹ́sì rẹ, a wá dúró. Ojú ewé náà ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti òkè, ìlà kan, ìlà kan. Ìkíní bá a mu. Ìkejì bá a mu. Mo di etí àga mú. Nígbà tó dé ẹ̀kẹfà, ó dúró, ó dúró títí mo fi ń gbàdúrà tí èmi pàápàá gbọ́. Àpínkẹ́ ní, "Bàbá, ó bá a mu." Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bùkárì ti sáré jáde, ó ń pariwo fún alákàrà.

Ojú ẹsẹ̀ ni Àpínkẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo jókòó síta títí oòrùn fi rọlẹ̀, mo ń retí kí a jọ máa lọ sílé. Ó yọjú, ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ. Wọ́n ti ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ fún mi, mo fẹ́ kà á tán. Mo mọ̀nà." Mo fẹ́ sọ pé ilẹ̀ ń ṣú, mo gbé e mì. Mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀sìẹ́ ní èmi nìkan.

Ìyá rẹ rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Àpínkẹ́ dà?"

Mo ní, "Ó wà nílé ẹ̀kọ́."

Ó ní, "Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìlú Òyìnbó?"

Mo ní, "Òun náà ni. Bu oúnjẹ tirẹ̀ dè é, ó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́."

Bàbá rẹ,
Dáníẹ́lì Ọláìyá